Abilà

Sátidé kejì nínú oṣù, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́,
kíláàsì kan lẹ́yìn ilé-ìwé ní Òkè-Àrẹ̀mọ:
a ti bẹ́ǹṣì papọ̀, a tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ lé e,
kálukú ń tú ẹrù inú àpò rẹ̀.
Kì í ṣe ọjà. A kì í ná an.
Òkúta la kó wá wò.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èmi náà ni mò ń gba owó ìtanràn
lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé, àti lọ́wọ́ ẹni tó bá lá òkúta
láì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.
Gbádébọ̀ ní bí a ò bá fahọ́n kàn án, àwọ̀ rẹ̀ kì í jáde.
Igba náírà ni, Gbádébọ̀. Mú un wá.

Inú páálí ẹyin la ń tò wọ́n sí,
ihò kan, òkúta kan, ìwé pélébé kan:
ibi tí a ti ṣà á, ọjọ́ wo, ta ni.
Èyí tí kátapílà hú níbi tí wọ́n ti ń la títì ní Mọníyà,
èyí tó ń ṣí bí ìwé, tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja,
tí Múníràtù bó ní awẹ́ mọ́kànlélógún kó tó sú u.
A fi ìṣó ha wọ́n. A fi òòfà tọ́ wọn wò.
A fi wọ́n fa ilà lẹ́yìn àwo tó fọ́,
nítorí òkúta dúdú lè fa ilà pupa;
ọmọ ènìyàn nìkan kọ́ ni inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ojú.

Lóṣù Èbìbí, ìyàwó Láníhùn gbé aláwọ̀ ewé kan dé,
ó wé e sínú gèlè bí ọmọ tuntun.
Oníṣòwò kan ní Òjóò ti dá owó lé e.
Ara wa gbóná. Láníhùn ti ń ka iye yàrá tí yóò kọ́.
Mo gbé e sí oòrùn, mo rí ìhó kéékèèké nínú rẹ̀, róbótó.
Ìgò ọtí.
Ìgò ọtí ni, tí odò Ògùnpa ti lọ̀ fún ọdún gbọọrọ.
A rẹ́rìn-ín títí ọlọ́dẹ fi wá yọjú.
Ó ṣì wà nínú páálí, ihò kẹjọ.
Orúkọ tí a kọ sí i ni: Ilé Láníhùn.

Ọjọ́ tí Bàbá Tìámíyù kọ́kọ́ wọlé, kò jókòó.
Ogójì ọdún ló fi fọ́ òkúta ní Omi-Adió,
èérún kan ló gba ojú òsì rẹ̀.
Ó gbé òkúta kan tó tó odidi búrẹ́dì kalẹ̀,
ó ní, "Mo fọ́ eléyìí kí ọmọ mi lè kàwé.
Mo fọ́ ọ títí òun náà fi fọ́ mi lójú.
N kò bi í ní orúkọ rí."

Láníhùn húkọ́ díẹ̀, ó pe orúkọ òyìnbó rẹ̀. Ó tún un pè.
Bàbá tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ìdájọ́.
"Ìyẹn ni àlejò ń pè é.
Kí ni onílé ń pè é?"

Gbogbo wa dákẹ́ rọ́rọ́.
Àpáta la mọ̀. Akọ òkúta la mọ̀.
Orúkọ iṣu, mo lè ka mẹ́wàá láì mí,
ṣùgbọ́n ohun tí Ìbàdàn dùbúlẹ̀ lé lórí,
à ń tẹ̀ ẹ́ lọ, à ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀, a ò kí i.

Múníràtù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló fi ìka tọ ara rẹ̀ lọ,
funfun, dúdú, funfun, dúdú,
bí aṣọ òfì tí ìyá àgbà ká sínú àpótí.
"Abilà," ló wí.
Bàbá ní kó tún un sọ.
Ó tún un sọ.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Abilà. Omi-Adió.
Níbi tí a ti ń kọ ẹni tó ṣà á, Bàbá dá mi dúró,
ó ní kí n kọ ọ́ pé ẹni tó fọ́ ọ.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí mọ́tò
mo rí i tó dúró níbi ìpìlẹ̀ ilé kan,
tó gbé ọwọ́ lé e, tí ètè rẹ̀ ń mì.
Kò san owó ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà.
N kò bi í.